Agbádá Tí Kò Ya

Ní Ìsẹ́yìn wa, bí a bá kírun Iléyá tán ní yídì, àwọn ọ̀dọ́ kì í tètè lọ sílé lọ bá àgbò tó ń dúró dè wọ́n. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn. Wọ́n á sáré dé oríta tó lọ sí Ìlérò, wọ́n á tún sáré padà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ẹsẹ̀ àgbò kan. Ẹsẹ̀ àgbò ni wọ́n ń lé o, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn ló sábà máa ń kán síbẹ̀. Àwa àgbà á bú wọn, a ó sì sún bẹ́ǹṣì síwájú ká lè rí wọn dáadáa.

Akoto? Ta ló fẹ́ dé akoto lé fìlà tuntun lọ́jọ́ ọdún? Àbúrò mi ọkùnrin ní tiẹ̀ nílé, ìyàwó rẹ̀ fi ń bu àgbàdo fádìyẹ.

Aṣọ òfì lèmi àti àbúrò mi yìí jọ ń hun lábẹ́ àtíbàbà kan. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo hun agbádá kan fún un. Kí n má purọ́, ìpolówó ọjà ni mo fi ṣe, torí gbogbo ìlú ló máa ń wà lẹ́bàá ọ̀nà. Òwú ìlọ́po méjì ni mo fi hun ún. Mo máa ń fọ́nnu pé aṣọ tèmi kì í ya, ẹni tó ni ín ni yóò kú fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọdún, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì penpe jáde. "Ẹ̀gbọ́n mi, apá agbádá yẹn ti gùn jù fún eré."

Mo ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń tì ẹ́ lójú? Ṣáà ká a lé èjìká."

Ó wò mí, ó lọ wọ̀ ọ́.

Òun ló ṣíwájú nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Inú mi ń dùn ṣìnkìn, mò ń sọ fáwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí wọ́n wo agbádá, kí wọ́n má wo ọ̀kadà. Ikún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí. Èmi ni ikún ọjọ́ náà. Atẹ́gùn gbé apá agbádá kúrò léjìká rẹ̀, ó kó wọnú ṣéènì. Aṣọ mìíràn ì bá ya, ká fi í ṣẹ̀sín, kó tán síbẹ̀. Tèmi ò ya. Ó fà á ṣubú, ó sì ń wọ́ ọ lọ. Mo sáré débẹ̀, mo fọwọ́ fà á, mo feyín fà á, kò ya. Ọ̀bẹ tí wọ́n ti pọ́n de àgbò la fi gé e kúrò lára rẹ̀.

Apá ọ̀tún rẹ̀ kán síbi mẹ́ta. Ilé ìwòsàn ṣe tiwọn, bàbá tó ń to eegun ṣe tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ò lè hunṣọ mọ́. Àwọn tó wá kí i á bá a kẹ́dùn, wọ́n á wá yíjú sí mi: irú èyí tí kò ya yẹn làwọn ń fẹ́. Mi ò níṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú ń tì mí, mo sì ń gbà á.

Iléyá mìíràn ti ń bọ̀. Lánàá, àbúrò mi jókòó tì mí, ó ń fọwọ́ òsì rẹ̀ tú òwú. Ó fọwọ́ kan aṣọ tí mò ń hun fún ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ sáré.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ hun ti eléyìí kó lè ya."

Mi ò lè wojú rẹ̀. Mo ti hun ún dé ìdajì. Mo tú u.