Yìgì Faridah àti Bátìrì Takisí

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohunkóhun mìíràn nípa Buraimoh, ó tọ́, ó sì yẹ, kí a kọ́kọ́ fi tó o létí pé níbikíbi tí takisí rẹ̀ bá ti dúró, ó gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnì rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó kàn fẹ́ sín ni. Èrò ti torí èyí sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ọlọ́pàá ojú pópó ti torí rẹ̀ pariwo mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí kò rìn, ló máa ń wí, kí ló ń mu epo fún?

Ìlọrin ló ti wá sí Libreville, olú ìlú Gabon, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé Faransé ló fi ń bínú báyìí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Faridah, wà nílé ní Ìlọrin lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Buraimoh ọkùnrin. Ìgbà tí ọmọ náà ń wọ iléèwé girama ló ti fojú kàn án kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wá dá ọjọ́ yìgì ọmọ náà pẹ̀lú Fuad, ìwé ìgbélùú Buraimoh wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun. Bó bá jáde nílùú, wíwọlé padà dọwọ́ Ọlọ́run. Wọ́n fẹnu kò pé orí kọ̀ǹpútà ni yóò ti fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fi kọ́ra nínú ọkọ̀, ó ń fi kọ́ra nílé ìwẹ̀, kí ohùn rẹ̀ má baà gbọ̀n lọ́jọ́ náà.

Faridah ti kìlọ̀ pé kì í ṣe fóònù o. Fóònù ni bàbá ọ̀rẹ́ òun lò níbi yìgì tirẹ̀, ihò imú bàbá nìkan ni gbogbo èrò sì rí títí wọ́n fi ṣàdúrà ìparí. Buraimoh bá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù kan. Kọ̀ǹpútà náà dára, àfi pé bátìrì inú rẹ̀ ti kú. Bí kò bá sí níbi iná, kò yàtọ̀ sí pátákó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yìgì, wọ́n mú iná Nkembo, àdúgbò Buraimoh, lọ.

Marcellin, káfíńtà ọmọ Kétu tí ilé rẹ̀ kan tiwọn, ló yá a ní ínfátà kékeré kan, èyí tí wọ́n ń so mọ́ bátìrì ọkọ̀ kí iná rẹ̀ lè gbé kọ̀ǹpútà. Ó bá a so ó, ó sì kìlọ̀ kó tó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ kú, torí bátìrì ọ̀hún ti gbó. Buraimoh dúpẹ́ dáadáa. Bó ti rí ẹ̀yìn Marcellin báyìí, ó pa ẹ́ńjìnì.

"Marcellin ní ká má pa á," Tàwàkálítù ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ṣé Marcellin ló ń ra epo?"

"Yìgì ọmọ yín ni, Bàbá Faridah."

"Mo mọ̀. Ṣé ọkọ̀ ló ń gbéyàwó?"

Wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà wà lórí itan Tàwàkálítù, fóònù rẹ̀ sì ń fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Buraimoh wé láwàní. Ìlọrin yọ lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀ ló pé, àfi àwọn ẹbí ọkọ tí wọn kò tí ì dé. Nígbà tí wọ́n dé, Lèmọ́mù ń wá awò ojú rẹ̀. Nígbà tó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ wàásù.

Èrò kò sì jẹ́ kí Buraimoh gbádùn. Ní Libreville, èrò ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé, á dárúkọ ibi tó ń lọ, á fi iye tó fẹ́ san lé e. Bí awakọ̀ bá gbà, á tẹ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá gbà, á wakọ̀ rẹ̀ lọ. Takisí tó dúró, tí kò fọn fèrè, tí kò sì lọ, kò yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé owó ló kéré, wọ́n ń fi kún un. Ọkùnrin kan tó ń lọ sí Akanda dá iye owó ọkọ̀ kan tí Buraimoh kò gbọ́ rí láyé rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nígbà tó yá, ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíín, fíín. Tàwàkálítù wo ọkọ rẹ̀, ó wo ibi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Buraimoh yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó kọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ó tún là. Kò dán an wò mọ́.

Lèmọ́mù wá nawọ́ sí i láti Ìlọrin. Ó dárúkọ Faridah ọmọ Buraimoh geere, ó sì sọ iye sàdáàkì tẹ̀ lé e. "Bàbá ìyàwó," ó ní, "ṣé ẹ gbà?"

Orúkọ, lẹ́yìn náà iye owó. Kí Buraimoh tó la ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ fèrè.

Fèrè náà dún, ó gbọ̀n, ó sì kú. Ínfátà kú tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà náà sì kú. Ohun tí wọ́n rí kẹ́yìn ni Faridah tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹkún ni, wọn kò mọ̀.

"Mo gbà," Buraimoh wí fún kọ̀ǹpútà dúdú náà. "Mo fi Faridah, ọmọ mi, fún Fuad, lórí sàdáàkì tí a jọ gbà, tọkàntọkàn." Gbólóhùn náà pé, kò gbọ̀n rárá.

"Ó dùn," Tàwàkálítù wí. "Èmi nìkan ló gbọ́ ọ."

Marcellin fi pákó sílẹ̀, ó wá bá wọn ti ọkọ̀ láìsọ̀rọ̀. Buraimoh ì bá fẹ́ràn kó bú òun. Nígbà tí ẹ́ńjìnì máa fi ṣiṣẹ́, tí fóònù sì máa fi wọlé sí Ìlọrin, ìyàwó ti lọ sílé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ròyìn pé àwọn kan ní ariwo ọkọ̀ lásán ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ, tó ti gbé Libreville rí, búra pé awakọ̀ tó bá ti tẹ fèrè níbẹ̀ ti gbà, kò lè yí i padà mọ́. Lèmọ́mù ronú díẹ̀, ó ṣàdúrà.

Buraimoh ní kí wọ́n pe Lèmọ́mù padà, kí òun sọ gbólóhùn òun fúnra òun, lórí fóònù, kíákíá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lèmọ́mù ti lọ, ìrẹsì ti tán, kó má dá àwọn padà sẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi gbogbo ààfáà tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀ léèrè, kò sì sí èyí tí kò rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin yìgì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tẹ fèrè náà: ṣé ó tó?