Àlàfo Funfun Lójú Ìwé Ìsìnkú

Mo rántí ìgbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àgùdà, tí mò ń fi kọ̀ǹpútà to ojú ìwé ètò ìsìnkú fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ “Ẹ gbé iṣẹ́ yín fún wa” sára pátákó, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni “wa” náà. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé; èmi kùn ún lọ́dà, mo gbé e kọ́. Orí fóònù ni àwọn oníbàárà ti ń fiṣẹ́ ránṣẹ́, orí fóònù náà ni mo ti ń dá a padà. Lọ́jọ́ mìíràn, n kì í gbọ́ ohùn ara mi àfi tí mo bá kí oníbúrẹ́dì. Ìdáwà yẹn ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wọlé. Ọkọ wọn ló kú, ìsìn ìsìnkú sì di ọjọ́ kejì. Fọ́tò kan ṣoṣo tí baba ti rẹ́rìn-ín wà lórí fláàṣì tí wọ́n mú wá pé kí n kì bọ kọ̀ǹpútà. Òun ni wọ́n fẹ́ síwájú ìwé, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Mùṣín kí aago mẹ́rin tó lù.

“Má jẹ́ kó pẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ẹ o, ọmọ mi. Fáírọ́ọ̀sì.”

Bí mo ti fi fọ́tò náà sójú ìwé tán, mo yọ fláàṣì, mo fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Wọ́n sọ ọ́ sínú báàgì.

Baba ń rẹ́rìn-ín lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ìwé náà di PDF, ojú ibi tí wọ́n wà á di àlàfo funfun. Mo dín fọ́tò kù. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo dá iná mànàmáná lẹ́bi. Màmá wo àlàfo náà, wọ́n ní, “Wọ́n tún ti lọ.” Àánú wọn ṣe mí.

Aago méjì kọjá kí n tó rántí pé n kò kó fọ́tò náà sínú ìwé rárá. Mo kàn júwe ibi tí fọ́tò wà lórí fláàṣì fún ìwé náà ni. Bí kọ̀ǹpútà bá wá fọ́tò débẹ̀, kò ní bá a. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú báàgì màmá ló wà. Mo tọrọ fláàṣì náà, mo kó fọ́tò wọlé, baba sì jáde wẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n n kò sọ fún màmá. Wọ́n ti ń sọ bí baba ṣe máa ń bá wọn jà nítorí iyọ̀ ẹ̀wà, kò sì sẹ́ni tó jókòó rí sórí àga oníbàárà tí wọ́n wà. Mò ń tẹ bọ́tìnnì lásán, mò ń ní, “Ó kù díẹ̀, mà.”

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, màmá rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, fi ránṣẹ́. Mo ti rí i tipẹ́ pé ó ti jáde, nínú gíláàsì fèrèsé ẹ̀yìn ẹ. Ilé ló dákẹ́ jù.”

Ojú tì mí. Mo fi ránṣẹ́, ó sì bá àwọn ará Mùṣín lákòókò. Màmá dúpẹ́, wọ́n lọ.

Inú ìwé gan-an ni mo máa ń kó fọ́tò sí báyìí. Mo ṣì ń dá ṣiṣẹ́. Ó ń dùn mí pé n kò bèèrè ilé wọn. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé èmi nìkan ni ilé ń dákẹ́ fún. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ṣì jókòó lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti tán, n kì í bi í pé kí ló kù.