Àlàfo Tí Òkìkíọlá Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Dí

Keteren Gwari, àdúgbò kan ní Minna, ni wọ́n ti tọ́ Òkìkíọlá dàgbà, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fun fèrè. Bàbá rẹ̀, Àlàbí, ọmọ Ọ̀fà tí iṣẹ́ rélùwéè gbé wá sí Minna, ló kọ́ ọ ní dùùrù títẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ìyá rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé, ló kọ́ ọ ní agídí. Àwọn ará àdúgbò ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ìyá náà kò sì bá wọn jiyàn rẹ̀ rí.

Nígbà tí Àlàbí kú ní ọdún 1996, àwọn ẹbí wá láti Ọ̀fà, wọ́n ní kí ìyá àti ọmọ palẹ̀ ẹrù mọ́ kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Abọ́sẹ̀dé fún wọn ní oúnjẹ, wọ́n jẹun tán, ó wá sọ fún wọn pé òun kò lọ. Ó ní Minna ni òun sin ọkọ òun sí, Minna ni ẹ̀rọ ìránṣọ òun wà, òun sì ní ìjókòó òun nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ̀gbọ́n Àlàbí ní, "Torí orin ni o kò ṣe ní wálé?" Abọ́sẹ̀dé ní, "Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta lẹ fẹ́ kó jókòó sáàyè mi níbẹ̀?"

Bó ṣe di pé wọn kò lọ nìyẹn. Abọ́sẹ̀dé ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò. Òkìkíọlá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó di olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Bosso. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, òun á jókòó sídìí dùùrù bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á wà láàárín àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn akọrin ń pè ní áótò.

Nǹkan bí ọdún 2003 ni ojú Abọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ bá a ṣọ̀tá: kò rí ihò rẹ̀ fi òwú bọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ó di pé ohùn ló fi ń mọ ẹni tó ń kí i lójú ọ̀nà. Dókítà sọ fún un pé oògùn lè bá a di èyí tó kù mú fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ èyí tó ti lọ kò ní padà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Láti ilé ìwòsàn, ó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sí ibi ìdánrawò akọrin tààrà.

Ọ̀gá akọrin tuntun wọn ń jẹ́ Níyì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Kàdúná ni wọ́n ti gbé e wá. Ó mọ orin, kì í pẹ́ dé, kì í sì í fi iṣẹ́ akọrin ṣeré. Ó fẹ́ kí ìjọ kó àwọn orin tí àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ti ṣe láti ayé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè jọ sínú ìwé kan, kí ìwé náà jáde nígbà àjọ̀dún ìjọ ní ọdún 2005. Ó bẹ Òkìkíọlá pé kó bá òun fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, kó sì kọ àwọn àmì orin sórí ìlà márùn-ún bó ṣe yẹ. Òkìkíọlá gbà tayọ̀tayọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn orin náà, bàbá rẹ̀ ló ṣe é.

Kò ní kọ̀ǹpútà nílé. Ṣọ́ọ̀bù Mubashir ní Bosso ló ti ń ṣiṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde. Ọmọ Ìlọrin ni Mubashir, bàbá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì ní Kpakungu. Òun ló rí ohun èlò kan tí wọ́n fi ń tẹ orin gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í fi ọwọ́ fa àmì orin kalẹ̀ nínú rẹ̀. Kíkọ ni èèyàn ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ lẹ́tà: ábídí kan dúró fún ohùn kan, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń sọ bí ohùn náà ṣe máa pẹ́ tó, ọ̀rọ̀ orin wà nísàlẹ̀. Tí èèyàn bá kọ ọ́ tán, á ní kó ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà á sì fúnra rẹ̀ ya orin náà sójú ìlà. Òkìkíọlá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó jọ ìṣirò. Ohun tí o bá sọ fún un ló máa ṣe. Bí kò bá ṣe é, ìwọ ni o kò sọ ọ́ dáadáa.

Nígbà tí orin àkọ́kọ́ jáde, ó mú un lọ fún ìyá rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé gbé ìwé náà lọ sí ojú fèrèsé, ó gbé e sún mọ́ imú, ó tún gbé e jìnnà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà jẹ́jẹ́, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró.

Ó ní, "Òkìkí, ìwé yìí ń purọ́ fún mi."

"Ṣé mo ṣi ohùn kan kọ ni, Mà?"

"Orí àwọn àmì yìí nìkan ni mò ń rí báyìí. N kò rí ìrù wọn mọ́, n kò rí ohun tí wọ́n so mọ́ wọn. Àlàfo ni mò ń wò. Tí wọ́n bá jìnnà síra, màá dúró lórí ohùn. Tí wọ́n bá sún mọ́ra, màá yára. Bí bàbá rẹ ṣe máa ń fi ọwọ́ kọ ọ́ nìyẹn. Wo ibí." Ó fi ìka lé e. "Àlàfo gbọọrọ wà níbí, mo dúró, àṣé kò yẹ kí n dúró."

Òkìkíọlá wò ó, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ló ń ti àwọn àmì kiri. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti sanra bíi "gbọn", kọ̀ǹpútà ti àmì tó tẹ̀ lé e lọ jìnnà, bí ohùn náà tilẹ̀ kúrú. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ "o" lásán, ó fún wọn mọ́ra, bí ohùn náà tilẹ̀ gùn. Ẹni tójú rẹ̀ dá ṣáká kò ní fura, nítorí ìrísí àmì fúnra rẹ̀ ló máa kà.

Ó padà sọ́dọ̀ Mubashir lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ṣí ìwé àlàyé ohun èlò náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ àlàfo. Wọ́n rí i pé kọ̀ǹpútà náà máa ń wo ohùn tó kúrú jù nínú orin, ó fún un ní àyè kékeré kan, ibẹ̀ ló sì ti ń wọn ti àwọn yòókù. Àmọ́ ohùn tó gùn ní ìlọ́po méjì kì í rí àyè ìlọ́po méjì gbà. Ó máa ń ṣẹ́ ẹ kù kí ìwé má baà fẹ̀. Òkìkíọlá kọ́kọ́ tàn án jẹ: ó sọ fún un pé ohùn tó kúrú jù nínú orin náà kúrú ju bó ṣe rí lọ, gbogbo orin náà sì tú ká bí ìgbà tí èèyàn tú ẹrù. Ìyẹn fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dọ́gba. Ó tún wá àṣẹ mìíràn tó máa mú kí àlàfo bá gígùn ohùn mu gẹ́lẹ́, kí ọ̀rọ̀ má lè ti ohunkóhun kúrò ní ipò rẹ̀. Iná lọ, Mubashir tan jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kú, wọ́n jókòó dè é kí iná padà.

Nígbà tí àṣẹ náà ṣiṣẹ́, Mubashir fọwọ́ lérí. "Haba, Àǹtí! Orin kan ṣoṣo ti jẹ ojú ìwé mẹ́ta!"

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́."

Abọ́sẹ̀dé gba ìwé náà lójú fèrèsé kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ orin náà dé òpin láìdúró. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi sínú Bíbélì rẹ̀.

Òkìkíọlá gbé iṣẹ́ náà lọ fún Níyì. Níyì yẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ fà ro.

"Kí ló dé tó rí báyìí? Ó jọ ìwé jẹ́léósinmi."

Òkìkíọlá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ̀ fún un, pé àwọn àgbà obìnrin mìíràn náà wà nínú áótò tí wọ́n ti ń fojú wá nǹkan. Níyì fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Òkìkí, àwọn àgbà ìjọ ti fọwọ́ sí i. Ojú ìwé kan ni fún orin kan. Àwọn ìyá wa ti sìn, ó tó kí wọ́n sinmi. Mo ti ń ṣètò ìsìn ìdúpẹ́ fún wọn. A máa fún wọn ní ẹ̀bùn, wọ́n á sì kúrò nínú akọrin lọ jókòó sáàárín ìjọ. Àwọn tó bá lè ka ìwé tuntun ló máa wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ àjọ̀dún."

"Ẹ ti bá wọn sọ ọ́?"

"Mo fẹ́ kí ìwé jáde ná."

Ìgbà yẹn ló yé Òkìkíọlá pé ìwé tí wọ́n ní kóun tẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ti ìyá òun jáde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ ní oríṣi méjì."

"Ẹgbẹ́ kan ni wá. Ìwé kan la ó lò."

"Ẹ jẹ́ kí èyí tó fẹ̀ yìí jẹ́ ìwé kan náà, nígbà náà."

Níyì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí ò ń bá mi jà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Òkìkíọlá wí. "Mò ń bá yín jà."

Ó tẹ ìwé tóóró náà parí, nítorí pé ó ti ṣèlérí rẹ̀. Ó tẹ èyí tó fẹ̀ náà, ó sì fún ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà áótò yòókù. Ní ọ̀sán Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ìwé tuntun dánra wò, àwọn ìyá náà tẹ́ ìwé gbàràmù-gbaramu wọn sórí itan. Níyì rí i láti ọ̀ọ́kán.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀. Ìwé tí ìjọ tẹ̀ ni a máa lò."

Abọ́sẹ̀dé yí ojú sí ibi tí ohùn ti wá. "Níyì, ọmọ mi, o káàbọ̀ sí Minna. Kí o tó débí ni mo ti wà lórí àga yìí. Bí o bá fẹ́ kí n gbé ìwé yìí sílẹ̀, wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Níyì kò lè lọ já ìwé gbà lọ́wọ́ ẹni tó tó ìyá rẹ̀. Ó kọjú sí ìdí dùùrù. "Òkìkí, ìwọ lo dá èyí sílẹ̀. Dìde níbẹ̀."

Òkìkíọlá pa dùùrù dé. Ó dìde, ó rìn kọjá láàárín àwọn ọkùnrin tó ń kọ tẹ́nọ̀, ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì bá a di etí ìwé kan mú. Níyì fúnra rẹ̀ ló mú ohùn fún wọn tí orin fi bẹ̀rẹ̀ láìsí dùùrù. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹta, Abọ́sẹ̀dé gbé ohùn rẹ̀ ṣáájú àsìkò.

Níyì gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ rí i, Mà?"

"Mo rí i," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Tún un bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ohùn rẹ̀ nígbà tó yẹ, orin sì lọ dé òpin.

Wọ́n pe Òkìkíọlá síwájú àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n ní kó tọrọ àforíjì. Ó kúnlẹ̀ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì dìde. Ó ní, "Bí ohùn mi bá ga sí Ọ̀gá Níyì, mo tọrọ àforíjì. Ti ìwé, mi ò ní tọrọ àforíjì rẹ̀." Wọ́n sọ fún un pé kó má tẹ dùùrù mọ́ títí àwọn yóò fi pè é. Ó ní ó dáa. Ó lọ sílé, ó fọ aṣọ akọrin àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán nígbà tójú rẹ̀ ṣì dá, ó sì lọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, aṣọ tuntun aláwọ̀ búlúù ni Níyì pín fún àwọn tó yàn. Kò fún àwọn ìyá náà. Wọ́n wọ èyí àtijọ́ tó ti ṣá wá, wọ́n tò wọlé lẹ́yìn àwọn yòókù láìsí ẹni tó pè wọ́n, wọ́n sì jókòó sáàyè wọn láàárín búlúù tuntun. Àwọn aṣọ́nà ilé ìjọsìn wo ara wọn. Bíṣọ́ọ̀bù tó wá láti ìlú mìíràn ti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó lè lé wọn jáde mọ́. Níyì tẹjú mọ́ iwájú, ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n kọrin. Ohùn ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ó nípọn, ó gún. Láàárín ìjọ, àwọn kan tó mọ orin Àlàbí láti kékeré ń gbè é.

Níyì kò yí ọkàn padà. Títí wọ́n fi gbé e lọ sí Lọ́kọjá, ó ń sọ pé ìwé fífẹ̀ náà kò bójú mu, pé ẹgbẹ́ tó dára gbọ́dọ̀ ní ìwé kan. Ìsìn ìdúpẹ́ àwọn àgbà obìnrin náà kò sì wáyé, torí kò sí èyí tó gbà pé òun ń lọ. Ojú Abọ́sẹ̀dé wá kú pátá ní ọdún 2008. Àmọ́ nígbà tí ojú náà fi máa kú, ó ti há àwọn orin náà sórí láti inú ìwé fífẹ̀ yẹn, ó sì ń lọ sí ìdánrawò, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká ọmọ rẹ̀.

Ní ti Òkìkíọlá, àwọn àgbà ìjọ kò pè é bí wọ́n ṣe wí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn tí Níyì lọ tán, ó dìde láàárín àwọn áótò nígbà tí orin ìwọlé yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ó rìn lọ sídìí dùùrù, ó ṣí i, ó sì tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.