Màrìwò Ẹnu Ọ̀nà Oko

Bọ́lárìnwá kì í jẹun alẹ́.

Kì í ṣe ààwẹ̀ ló ń gbà. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àìsàn inú dá Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo fún iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ abẹ náà gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà. Bọ́lárìnwá kò ní in. Ohun tó ní ni oko kòkó tí bàbá rẹ̀ gbìn sí ọ̀nà Ọ̀rà. Ó fi í dógò lọ́dọ̀ Alàgbà Dáníẹ́lì, ẹni tó ń ra kòkó ní Ìlá, tí wọ́n sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ògúntúndé, àgbà ilé wọn, ló ṣe ẹlẹ́rìí. Jùmọ̀kẹ́ kò kú. Gbèsè náà kò sì kú.

Ní apá oko ibẹ̀, oko tí a fi dógò ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó yáni lówó ni yóò máa ká kòkó, ìyẹn ni èlé rẹ̀, títí owó yóò fi pé padà sí i lọ́wọ́. Olóko kò gbọdọ̀ mú èso kan, ìbáà jẹ́ èyí tó jábọ́ sílẹ̀. Lọ́dọọdún, kí kòkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹni tí oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ní kí wọ́n ṣán abẹ́ kòkó mọ́, wọn yóò sì so màrìwò tútù mọ́ igi méjì ní ẹnu ọ̀nà oko. Bí olóko bá san gbèsè kí màrìwò tó gòkè, òun ni yóò ká kòkó ọdún náà. Bí ó bá san án lẹ́yìn màrìwò, oko di tirẹ̀, ṣùgbọ́n èso ọdún náà ti lọ. Ọmọdé inú oko mọ èyí. Bọ́lárìnwá mọ̀ ọ́n.

Ojoojúmọ́ ló ń gba inú oko náà kọjá lọ sí ilẹ̀ kékeré tó fi ń gbin ẹ̀gẹ́. Bí ó bá rí kòkó tó pọ́n tó jábọ́ sójú ọ̀nà, yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ti yàgò fún kòkó bàbá ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi la ọ̀nà mìíràn.

Nínú ilé, Jùmọ̀kẹ́ ló ń ṣòfin. Òun ló gé oúnjẹ alẹ́ kúrò. Ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni oúnjẹ wúlò fún, ẹni tó sùn kì í mọ̀ pé ebi ń pa òun. Ọṣẹ, òwú ló fi ń gé e. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, orí páànù ni wọ́n ń sá a sí kí ó lè tún tàn díẹ̀. Ẹran kì í wọ ìkòkò àfi ní Kérésìmesì. Fóònù wà, ṣùgbọ́n wọn kì í fi owó sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ bá Fúnminíyì sọ̀rọ̀, ọmọ wọn tó ń ṣe bíríkìlà n'Ìbàdàn, wọn á jẹ́ kí fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan, wọn á sì pa á. Bí ó bá ní owó, a pè padà. Bí kò bá ní, a dákẹ́. Aṣọ Jùmọ̀kẹ́ ti lọ tán lọ́wọ́ obìnrin tó ń ra àlòkù, ó ku méjì. Bọ́lárìnwá ní tirẹ̀, ọwọ́ ló fi ń mú bàtà rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ má baà tètè jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Jùmọ̀kẹ́ a dáná. Omi lásán ló ń gbé kaná, kí àwọn ará ilé lè rí èéfín. Bí omi bá hó, a já ewé tíì sí i, àwọn méjèèjì a mu ún. Bí aládùúgbò bá ń jẹun tó ní kí wọ́n wá bá òun jẹ ẹ́, èsì kan ni wọ́n ní: "A ti jẹun."

Lẹ́yìn náà ni kòkó gbówó lórí bí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí i rí. Àpò kan ṣoṣo ju gbogbo gbèsè náà lọ. Oko Bọ́lárìnwá a sì máa mú tó àpò mẹ́fà bí òjò bá dára. Jùmọ̀kẹ́ gbé owó tí wọ́n ti ń fi sínú agolo látọjọ́ yìí wá, ó kà á. Ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n kí ó pé.

"Bí kòkó ọdún yìí bá bọ́ sí wa lọ́wọ́," ó wí, "lọ́jọ́ náà gan-an, a máa jẹ iyán lálẹ́."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Ẹran ìgbẹ́. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa gún un. Ikùn tí wọ́n là kò gba ọmọ odó mọ́."

Bọ́lárìnwá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí Kọ́lájọ fi gun ọ̀kadà wọ agbolé. Òun ló ń wá alágbàṣe fún àwọn olóko.

"Bàbá Fúnmi, ẹ kú ilé o. Alàgbà fẹ́ kí á tètè ṣán oko wọn tó wà lọ́nà Ọ̀rà lọ́dún yìí."

"Oko ta?"

"Oko yín tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn jà. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì ni iṣẹ́ náà. Bí ẹ ò bá ṣe é, màá kó àwọn géńdé kan lọ síbẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí wọn? Wọn ò mọ ọmọ kòkó yàtọ̀ sí koríko."

Bọ́lárìnwá ní òun yóò ṣe é. Nígbà tí Kọ́lájọ lọ tán, Jùmọ̀kẹ́ ní, "Ẹ má ṣe é. Àdá Alàgbà ni wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ yẹn."

"Bí n ò bá ṣe é, ẹlòmíì á ṣe é, màrìwò á sì gòkè. Bí mo bá ṣe é, èmi ni mo mọ ọjọ́ tó máa parí. Màá fi igun kan sílẹ̀. Màá gba owó mi, màá san gbèsè, kí n tó kan igun yẹn. A kì í so màrìwò sí oko tí a kò tíì ṣán tán."

"Ẹ lọ bẹ Bàbá Ògúntúndé kí wọ́n bá wa bẹ Alàgbà. Kí ó dúró dè wá díẹ̀."

"Kí n sọ pé kí ni? Pé kí ni a kò ní?"

Jùmọ̀kẹ́ fẹ́ iná abẹ́ omi.

Bọ́lárìnwá ṣán oko náà bí ẹni ń fá orí ọmọ. Ibi tí ọmọ kòkó bá wà, ọwọ́ ló fi ń fa koríko ìdí rẹ̀. Èso wà lára igi láti ìdí dé òkè, ó tóbi, ó ń dán. Nígbà tó ku igun etí odò nìkan, ó dúró ti àdá rẹ̀, ó sì ní kí Kọ́lájọ san owó òun.

"Owó wo, bàbá? Alàgbà kò tíì fún mi ní kọ́bọ̀. Ìgbà tí màrìwò bá gòkè, tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ni owó ń wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ìwọ yá mi, bó o bá gba tìrẹ, wàá mú un."

"Bí mo bá ní irú owó yẹn, ṣé ọ̀kadà tó ń wúkọ́ yìí ni màá máa gùn?"

Bọ́lárìnwá jókòó sí ìdí kòkó kan. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé màrìwò tí olóko fi ọwọ́ ara rẹ̀ so kò lè lé olóko jáde. Ó ní kí ó tó di pé ilẹ̀ ṣú, òun yóò ti san gbèsè. Màrìwò tí kò sùn mọ́jú, ta ni yóò kà á sí màrìwò? Ó dìde, ó ṣán igun etí odò. Ó gé màrìwò, ó so ó. Kọ́lájọ ya fọ́tò. Owó wọlé, Kọ́lájọ sì san tirẹ̀ fún un.

Ó sáré délé mú agolo. Jùmọ̀kẹ́ bi í pé, "Ṣé ẹ so ó?" Ó ní òun ń bọ̀. Ó ya ilé Ògúntúndé, ó mú un dání, wọ́n sì jọ lọ sí ilé Alàgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Alàgbà ka owó. Ó pé.

"O ṣeun, Bọ́lárìnwá. Ọmọlúàbí ni ọ́. Oko rẹ ti padà sọ́dọ̀ rẹ. Bí mo bá ti ká kòkó tọdún yìí tán, máa wọ inú rẹ̀."

"Tọdún yìí ńkọ́, sà? Òní yìí náà ni màrìwò gòkè. Èmi gan-an ni mo so ó."

Alàgbà na fóònù sí i. Nínú fọ́tò náà, ọwọ́ kan ṣì wà lára màrìwò, ó ń fún okùn rẹ̀.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ṣé mo san owó ọwọ́ náà àbí mi ò san án?"

"Ẹ san án. Ó wà nínú èyí tí ẹ kà yẹn."

Bọ́lárìnwá yíjú sí Ògúntúndé. "Bàbá, ẹ gbà mí."

Arúgbó náà ní, "Ká ní o wá bá mi lánàá pẹ̀lú owó tí kò pé, ǹ bá bẹ Dáníẹ́lì. Ì bá sì gbà fún mi. Kí ló dé tí o kò wá?"

"Ojú ń tì mí."

"Ojúlé mi kọjú sí ojúlé rẹ. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni mò ń rí èéfín ìyàwó rẹ. Mo ní ẹ ń jẹ, ẹ ń mu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?" Ó mi orí. "Bí mo bá fa màrìwò yìí ya fún ọ lónìí, ta ni yóò tún yá ẹnikẹ́ni lówó lórí oko? Ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà."

Ìyàwó Alàgbà gbé iyán wọlé, èéfín ń rú lórí rẹ̀, ó sì gbé omi ìfọwọ́ síwájú wọn. Òórùn ọbẹ̀ kún yàrá. Ògúntúndé fọ ọwọ́.

"Bọ́lárìnwá, sún mọ́bí," Alàgbà wí. "Kò sí ìjà láàárín wa. Ìwọ náà fọ ọwọ́ rẹ."

Bọ́lárìnwá wo iyán náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbé ojú kúrò.

"Á gba ibi ire, sà," ó wí. "A ti jẹun."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ mú bàtà rẹ̀, ó lọ.