Ọjọ́ Tí Orí Ń Fọ́ Gbogbo Ìjòyè

Odó ń dún gbì, gbì lẹ́yìn ilé, òórùn ẹran ìgbẹ́ ń ta sánsán. Ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ọba tó fá apá kan orí, dúró síwájú mi, ó ń wò mí bí ológbò ṣe ń wo èkúté.

"Bàbá dà?"

"Orí ń fọ́ wọn. Wọn ò lè dìde."

Mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá, kó má baà wọlé lọ wò wọ́n.

Bàbá yìí ni olórí ìjòyè ìlú wa, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìyìn. Ògiri kan ló la ilé wa àti tiẹ̀; ọmọdé ni mí nígbà náà, èmi ni mo ń jíṣẹ́ fún un. Ẹnu rẹ̀ ni ọba fi ń bá ìlú sọ̀rọ̀. Àràárọ̀ ló ń kó àwọn ìjòyè yòókù lọ sí ààfin láti gbìmọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, Kábíyèsí ní kí ọ̀nà mọ́tò tó ń bọ̀ láti Adó gba tààrà dé iwájú ààfin. Tààrà yẹn, orí igi obì mẹ́ta tí ìyá mi fi ń bọ́ wa lẹ́yìn ikú bàbá mi ló gbà! Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ fún bàbá náà, ó sunkún. A kì í wí fún ọba pé rárá. Bàbá kàn tẹ́ ẹní, ó ní orí ń fọ́ òun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, orí ti ń fọ́ gbogbo ìjòyè.

"Ta ló wá ń gún uyán fún aláìsàn?" ni ẹmẹsẹ̀ béèrè.

"Èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́."

"Ìwọ nìkan? Inú ikùn wo?"

Bàbá wúkọ́ nínú yàrá. "Ọ̀kánjúwà lọmọ yẹn. Bá mi wí fún Kábíyèsí pé bí ìgbà tí wọ́n ń gé igi obì lulẹ̀ ni orí mi ń dún."

Ẹmẹsẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu, ó yíjú kí n má rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Kábíyèsí fi dá jókòó. Ẹjọ́ ò ṣeé dá, àṣẹ ò jáde. Lọ́jọ́ kẹta, ẹmẹsẹ̀ sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ: Kábíyèsí ní kí ọ̀nà yà kúrò lórí igi obì! Bàbá fò dìde, ó dé fìlà. Ìyá mi jó bọ́ síta láìwé gèlè.

"Bàbá, ṣé Kábíyèsí ò mọ̀ pé ara yín le ni?"

"Wọ́n mọ̀. Mo sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ojú ò sì ti ẹnikẹ́ni nínú wa."

Mo ti dàgbà báyìí. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, síbẹ̀ wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ àdúgbò ní Òkè-Ìlá tí mò ń gbé. Bí alága bá gbé ọ̀rọ̀ burúkú kalẹ̀, èmi náà a ránṣẹ́ pé orí ń fọ́ mi. Wọ́n á sì yí i padà nígbà mìíràn. Àmọ́ ti bàbá, irọ́ ni. Tèmi, orí náà máa ń fọ́ mi lóòótọ́: ẹ̀rù ló ń fà á.