Fìlà Alága

Fìlà Bàbá mi wà lọ́wọ́ mi títí dòní, mi ò sì jí i. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé oore ọkùnrin yẹn.

"Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo." Bàbá kì í yé pa òwe yìí fún mi. Èmi a ní, "Bàbá, mẹ́ta ni tèmi." Òun a ní kí n má pa òun lẹ́rìn-ín. Mẹ́ta ni lóòótọ́: mo ń ṣe ìwádìí lórí òṣèlú, mo ń ṣe tíátà, mo tún jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìlaròó. Lọ́dún tó yẹ kí n gboyè, ó ní bí mi ò bá rí ìwádìí náà parí, kí n dágbére fún tíátà. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ kó tún yí i padà.

Ìwádìí ọ̀hún sì ti dá mi lágara. Mo fẹ́ mọ ìdí tí àwọn obìnrin ìlú wa, Ìlobì, kì í fi í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìlú. Ẹni tí mo bá bi á kàn rẹ́rìn-ín: "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?" Háà! Mo jẹ ẹ̀bà kiri ìlú, mi ò rí èsì kankan. Ta ni yóò tilẹ̀ sọ fún mi? Bàbá mi ni alága ìpàdé.

Ẹ̀fẹ̀ ló yọ mí. Lọ́dọ̀ tiwa, bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, elẹ́fẹ̀ lè fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni náà ò sì gbọdọ̀ bínú. Mo bá kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú tíátà wá sí Ìlobì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ṣe ìpàdé ìlú léré nínú gbọ̀ngàn ìlú. Èmi ni alága. Mo mú fìlà Bàbá láìtọrọ, mo tẹ̀ ẹ́ sọ́wọ́ òsì, mo wúkọ́ bíi tirẹ̀, mo ní, "Ta ló ní ọ̀rọ̀? Kò sí. Ó tán!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ará ìlú tó wá wòran.

Ni ìyá kan tó ń ta gààrí bá dìde. "Ẹ dúró, Bàbá Alága!" Èmi ló ń bá wí o, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀. "Kí á tó ti oko dé, ẹ ti tú ká. Bí a bá sì bá yín níbẹ̀, ẹ kì í wo ọ̀dọ̀ wa." Òmíràn dìde. Òmíràn tún dìde. Ohun tí wọn ò lè sọ fún ọmọ alága, wọ́n ń tú u síwájú alága ayédèrú.

Àṣé Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà láìdé fìlà. Ó rìn wá bá mi, ó na ọwọ́. Èmi kì í ṣe elẹ́fẹ̀, ọmọ inú ilé rẹ̀ ni mí. Mo ṣí fìlà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Tíátà ti lọ nìyẹn.

Ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó dé e padà sí mi lórí.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sí," ló wí.

Ó wá lọ jókòó sáàárín àwọn obìnrin. "Alága, wọ́n ń bá ọ sọ̀rọ̀. Dá wọn lóhùn."