Wọ́n Ní Bàbá Mi Ti Lọ Sinmi

Aṣọ bàbá mi máa ń rùn bí ìjókòó bọ́ọ̀sì, torí pé bọ́ọ̀sì òru ni wọ́n ń wà ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́mọdé ní Peckham, ní London. Ọ̀sán ni wọ́n ń sùn, àwa yòókù sì ń yọ́ rìn nínú ilé. Wọ́n sùn lọ́jọ́ eré ilé ìwé mi, wọ́n sùn lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo sọ ara mi di aláwàdà, oorun wọn ni mo fi ń jẹun.

Ìpàdé àwàdà kan wà nígbà náà, nínú yàrá kan lókè ilé ọtí, fún àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn tí àwọn ilé àwàdà ńlá kì í pè. Bàbá mi kò wá rí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi fóònù pè mí: “Mo ti gba off. Sátidé yẹn, mi ò ní sùn.” Inú mi dùn débi pé, nígbà tí Sátidé náà dé, mo fi kóòtù mi gba àga kan sílẹ̀ fún wọn níwájú.

Ó ku díẹ̀ kó kàn mí, àbúrò bàbá mi pè. Ohùn wọn rọ̀. “Daddy ẹ ti lọ sinmi. Tó o bá ti ṣe tán níbẹ̀, máa bọ̀ nílé, ṣó o gbọ́?”

Mo ní, “Okay, Uncle, no problem.” Inú bí mi gan-an. Yorùbá ilé ìdáná nìkan ni mo gbọ́ nígbà yẹn: jẹun, fọ abọ́, lọ sùn. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ní tèmi, ààbọ̀ náà ló wà.

Mo bá ìbínú gorí ìtàgé. Mo nàka sí àga tó ṣófo, mo sín Uncle jẹ: “Daddy ẹ ti lọ sinmi!” Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, mo ní bàbá mi mà tún ti sùn o. Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń bá mi gbè é. Ìyá àgbà kan láti Stockwell, tó wá wo ọmọ rẹ̀ tí òun náà jẹ́ aláwàdà, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Èmi ọ̀dẹ̀ tún ní, “Aunty, ẹ rẹ́rìn-ín now!”

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, ìyá náà di apá mi mú. “Ọmọ mi, ta ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹ?”

“Uncle mi ni, Aunty. Just now.”

“Wọ́n ní kó o máa bọ̀ nílé?”

“Yeah.”

Ìyá náà kò túmọ̀ ohunkóhun fún mi. Ó mú kóòtù mi lórí àga tó ṣófo, ó wọ̀ ọ́ fún mi bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọdé, ó sì bá mi wọ bọ́ọ̀sì délé. Bàtà àlejò ti kún ẹnu ọ̀nà wa. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Uncle ti di odidi nínú mi. Wọ́n ní bí bàbá mi ṣe jókòó láti wọ bàtà tí wọn ì bá fi wá wò mí ni ọkàn wọn dáwọ́ dúró.

Mo ti kọ́ Yorùbá báyìí, ó kéré tán mo lè kọ èyí. Mi ò ṣe àwàdà mọ́. Ojú ṣì ń tì mí, ó sì ń dùn mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí Mummy bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn a ní àwọn fẹ́ lọ sinmi. Mo máa ń bi wọ́n pé, “Mummy, orí bẹ́ẹ̀dì ni, àbí?” Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, wọ́n máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá títí màá fi gbójú sókè, wọn a wá ní, “Orí bẹ́ẹ̀dì ni, ọmọ mi.”